Bí Mo Ṣe Pe Àna Mi Lórúkọ Lórí Odò Wẹ̀mẹ̀

Àjà-Wẹ̀rẹ̀,
lẹ́yìn ìkórè àgbàdo.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà. Awakọ̀ kámíọ̀ tó ń kó ẹ̀pà bọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ ló mú un wá, ó sì dúró ti èmi àti maṣíìnì ìránṣọ mi títí mo fi kà á tán, bí ẹni pé òun la kọ ọ́ sí. Ara wa le. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n béèrè bóyá o ń jẹun dáadáa. Mo ní ẹni tó lágbára láti kọ ìwé tó gùn tó báyìí kò lè máa fi ebi sùn. Ìyá rẹ kékeré náà kí ọ, òun àti àwọn àbúrò rẹ, tí wọ́n ti pín bẹ́ẹ̀dì rẹ mọ́ ara wọn láàárín. Mo ti kí ọ tán. Ó kù kí n dá ọ lóhùn.

O ní iṣẹ́ tuntun náà ní ilé ìwòsàn abúlé dára, pé wọ́n fún ọ ní yàrá kan tí òjò kì í jò sí, àti pé àwọn ará abúlé ń gbé iṣu wá fún ọ. Inú mi dùn sí i. O tún dárúkọ olùkọ́ kan, lókè lẹ́tà, láàárín, àti nísàlẹ̀. Màá dé orí olùkọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, o wá fi lẹ́tà kéékèèké kọ ohun tí mo mọ̀ pé torí rẹ̀ gan-an lo ṣe kọ̀wé.

O ní bàbá àgbà tó ń gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ti fi sí ilé ìwòsàn yẹn kí a tó bí ọ, kò ríran dáadáa mọ́. Kò lè rí àwọn ìlà tínínrín ara abẹ́rẹ́, àfojúdá ló fi ń fa oògùn. O wà níbẹ̀ nígbà tó fa oògùn tó tó àgbàlagbà fún ọmọ ọwọ́ kan. Ọmọ náà sùn ní àárọ̀, kò lajú títí di ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń fọwọ́ kan imú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. O kò sọ nǹkan kan. O ní bàbá náà dàgbà jù mí lọ, pé ọmọ òun ló ń pè ọ́, òun ló sì kọ́ ọ bí a ṣe ń di egbò ẹsẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí o dé. O wá ní kí n bá ọ wá ẹnìkan ní Àjàṣẹ́ tó lè bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé ọ lọ sí ibòmíràn.

N kò ní wá ẹnikẹ́ni. N kò sì bínú sí ọ. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe mí rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba aṣọ padà wá lọ́la. Lẹ́tà yìí á gùn, nítorí n kì í ṣe ẹni tó ń kọ̀wé lóòrèkóòrè. Kà á díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kà á tán kó o tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ kékeré ni. Eyín iwájú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni, o kò lè rántí. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, àní ẹni tí kò ní ju ahéré kan lọ. Bàbá ìyá rẹ kékeré, ní Ìkpinlẹ̀, náà mọ ilé, ó ku òrùlé. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún òun. O mọ bí ọ̀wẹ̀ àna ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ ènìyàn á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á lọ ṣiṣẹ́ fún bàbá ìyàwó, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ráhùn. Àwọn ẹlòmíràn máa ń kọ ebè. Èmi, ọparun ni wọ́n ní kí n wá wá, ọparun gígùn tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ti gé tán nítòsí wa.

Lámidì ọ̀rẹ́ mi, tí ìwọ ń pè ní Bàbá Ràímì, ní àbúrò ìyá òun kan jẹ́ apẹja létí odò Wẹ̀mẹ̀, ní apá ìwọ̀ oòrùn Kétu, pé ọparun ibẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ. A béèrè bí a ó ṣe kó o wálé, nítorí kámíọ̀ kò lè dé bẹ̀. Lámidì ní kò le rárá. A ó dì í pọ̀ di pẹpẹ, a ó jókòó lé e lórí, omi á gbé wa dé Bónù, kámíọ̀ á sì wá kó o níbẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gígun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà ló ṣe sọ ọ́. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó tíì wọ odò tó ju èyí tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ lọ.

Ẹni mẹ́rin la lọ. Èmi, Lámidì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, Fágbohùn, tó ń fún epo ní Tatonnonkon, tí apá rẹ̀ tóbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kéré, àti Ògúnṣọlá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ kékeré. Ó ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ orí. Bàbá rẹ̀ ní kó bá wa lọ kó lè ràn wá lọ́wọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó wá wo irú ẹni tí mo jẹ́ ni. Ẹnì karùn-ún wa ni Ṣọ́lé, ajá pupa Fágbohùn. Kò sí ẹni tó pè é. A lé e padà títí ó fi sú wa, ó sì ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn láti inú igbó títí a fi dé odò.

Ìyá rẹ ló di ẹrù oúnjẹ fún mi: gàrí, ata gígún àti ẹja gbígbẹ. Ó dì í dáadáa ju bí mo ti retí lọ, nítorí kò sí obìnrin tí inú rẹ̀ ń dùn láti di ẹrù ọkọ tó ń lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ìyàwó tuntun. Ohun tó sọ kò ju pé kí n má kú sínú omi, kí òun má baà máa dá ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn. Èmi fúnra mi sì rán aṣọ funfun kan fún ara mi, sòkòtò àti dàńṣíkí, mo fi òwú kó iṣẹ́ ọwọ́ sí ọrùn rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí a bá gbé ọparun dé Ìkpinlẹ̀.

Nígbà tí a gé ọparun tán, bàbá apẹja, àbúrò ìyá Lámidì, ní òun á bá wa lọ títí a ó fi kọjá ibi tí òkúta wà nínú omi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní Ìkpinlẹ̀ pé àlejò ló bá mi gbé ọparun àna mi wálé. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ya odò sínú iyanrìn, ó fi ibi tí omi ti ń hó hàn wá, ibi tí a ó gbà lósì àti ibi tí a ó gbà lọ́tùn-ún. Lámidì ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀. Èmi ń wo aṣọ mi bóyá kò tíì rin. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, Àṣàkẹ́: ibi tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kó o sì gbọ́ ìdáhùn tán. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ohun púpọ̀. Kì í ṣe ohun gbogbo ló mọ̀, màá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun púpọ̀.

Ìkejì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n gbọ́. Ìko la fi di ọparun náà pọ̀, bí a ti ń di òrùlé, a sì fi gbígbẹ dì í, bí a ti ń ṣe nílé. Òrùlé kì í gbé inú omi. Kí oòrùn ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ̀, gbogbo ìko ti rin, ó ti tú, ọparun ń sún kúrò lábẹ́ ìdí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A sáré wọ́ ọ sétí omi, a rẹ ìko tó kù sínú omi, a tún un dì. Agbọ̀n gàrí ti wọ omi kí a tó ráyè ronú nípa rẹ̀, nítorí inú agbọ̀n kan ṣoṣo la kó gbogbo rẹ̀ sí. A jẹ ẹja gbígbẹ lásán títí a fi dé Bónù. Nítorí náà, bí o bá ń kó ẹrù, pín in sí méjì. Bí o bá sì gbé iṣẹ́ tí o mọ̀ dé ilẹ̀ tuntun, kọ́kọ́ wò ó bóyá bí o ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ bá ibẹ̀ mu.

Ó yẹ kí n sọ pé ìrìn náà dùn mọ́ mi. Ọ̀sán, omi á rọra gbé wa lọ, igi ẹ̀gbẹ́ odò á ṣíji bò wá, ẹyẹ funfun á gbéra níwájú wa, á tún lọ bà sí iwájú. Ìrọ̀lẹ́, a ó fà á sétí iyanrìn, a ó dáná, Lámidì á sì máa pa irọ́ tí gbogbo wa mọ̀ pé irọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín ju bí mo ti rẹ́rìn-ín rí lọ. Ògúnṣọlá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ wò mí bóyá èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe jókòó, kó o lè rí i. Pẹpẹ náà gùn tó yàrá méjì. Ògúnṣọlá dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó fi ń darí rẹ̀, nítorí òun ni àgbà. Èmi kúnlẹ̀ níwájú, níbi tí omi ti ń ta síni lójú, nítorí èmi ni mò ń fẹ́ ìyàwó. Lámidì àti Fágbohùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè rí òkúta tó wà lábẹ́ omi. Ẹni tó wà níwájú nìkan ló ń rí i, òun ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń bá àna ẹni sọ̀rọ̀. N kò lè pè é lórúkọ. N kò lè sọ fún un pé ṣe èyí. N kò sì lè kọ ẹ̀yìn sí i kí n máa sọ̀rọ̀, ó ju ìwà àìmọ̀kan lọ. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ kó yà sápá kan, màá kọ́kọ́ yíjú sí i, màá tọrọ gáfárà, màá wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ ohun tí kò tọ́ sí i. Ògúnṣọlá á mi orí, á yà. Lórí omi tó dákẹ́, ó ń lọ déédéé. Mo tilẹ̀ rò pé mò ń ṣe dáadáa, pé ìròyìn rere á dé etí bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a dé ibi òkúta, a kọ́kọ́ gbọ́ ọ ká tó rí i. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń da àgbàdo sórí páànù. Ṣọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Ó ti ń gbó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi tí omi bá ti ń hó, Ògúnṣọlá kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí Fágbohùn pa á lẹ́nu mọ́. Fágbohùn di ajá náà lẹ́nu mú, ó fi apá kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Omi gbá wa mú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí òkúta kan, orí rẹ̀ dúdú, omi ń bò ó, ó ń ṣí i. Apá ọ̀tún ló wà. Ó yẹ kí a yà sósì. Mo yíjú padà sí Ògúnṣọlá, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá ní ni yín lára, ẹ bá wa fi ọ̀pá yín…” Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Pẹpẹ náà fi apá ọ̀tún kọlu òkúta, ó gbéra sókè, ó sì ya. Lámidì tó wà lọ́tùn-ún jábọ́ sáàárín ọparun àti òkúta.

Fágbohùn ló fò sínú omi. Ó gbé ọparun náà sókè pẹ̀lú èjìká, Ògúnṣọlá fa Lámidì jáde ní ọrùn aṣọ. Èmi ti wà lábẹ́ omi nígbà náà, n kò mọ apá ibi tí òkè wà. Ṣọ́lé ló dé etí odò ṣáájú wa, ó gbọn ara rẹ̀, ó tún ń gbó.

Egungun ojúgun Lámidì ti dá, ó ti yọ síta. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sọ̀rọ̀. Mo tú ẹrù mi, mo mú aṣọ funfun tí mo rán, mo fà á ya láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, a fi di ẹsẹ̀ náà mọ́ ọparun tí a là. Igbó ni ọ̀tún, igbó ni òsì, kò sí ọ̀nà, kò sí abúlé. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù wà ní Bónù, orí odò nìkan la sì lè gbà dé ibẹ̀. Òkúta kò sì tíì tán. Bàbá apẹja ti yà á sínú iyanrìn, ìgbà náà ni mo wá rántí ìyẹn.

Ògúnṣọlá wá bá mi níbi tí mo ti ń fún omi kúrò lára ìko. Ó béèrè ohun tí mo rí kí a tó kọlù ú. Mo ní òkúta. Ó ní ṣé ó ti pẹ́ tí mo rí i? Mo ní ó pẹ́ díẹ̀.

“Kí ló dé tí o kò pariwo?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àna mi lẹ jẹ́.”

Ó gba ìko lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìwọ ni ojú wa níwájú. Ṣé ojú a máa tọrọ gáfárà kó tó ríran? Láti ibí dé Bónù, Ògúnṣọlá ni mò ń jẹ́. Má yíjú sí mi. Má fi ẹ̀gbọ́n kún un, má fi ẹ jọ̀ọ́ kún un. Orúkọ mi àti apá tí màá yà sí, ó tán.”

A tún ohun tó kù dì. A tẹ́ Lámidì sáàárín, Ṣọ́lé lọ sùn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lé e. A tún gbéra.

Àṣàkẹ́, o lè rò pé ó rọrùn. Ẹnu mi wúwo. Ìgbà tí a rí omi funfun tó tẹ̀ lé e, mo kojú síwájú, mo sì gbọ́ tí mo ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n Ògúnṣọlá.” Ó fi ọ̀pá lu omi lẹ́yìn mi, ó ní òun kò gbọ́. Òkúta ti yọ orí. Lámidì kérora. Mo la ẹnu mi, mo ké bí ẹni tó ń pe ọmọdé tó ń ṣeré sẹ́yìnkùlé: “Ògúnṣọlá, òsì!” Pẹpẹ náà yà. “Ògúnṣọlá, ọ̀tún. Rárá, dúró. Ọ̀tún, mo ní ọ̀tún.” Ó yà bí mo ti wí. Òkúta kan fi bí ọwọ́ kan kọjá lára orúnkún mi. N kò yíjú padà rárá. N kò mọ irú ojú tó ń fi wo ẹ̀yìn mi, mo sì rí i pé n kò bìkítà mọ́. Ohun tí mo ń wò ni omi. Mo pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ títí omi fi dákẹ́.

A gbé Lámidì dé Bónù láàyè. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Gùn kan tó kéré sí wa, wo ẹsẹ̀ náà, ó sì bú wa, gbogbo wa, ẹni tó lè jẹ́ àbúrò wa, pé a dì í le jù. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ẹsẹ̀ náà là. Ìwọ náà mọ̀ pé Lámidì ń tiro, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjì ló fi ń tiro lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹnu rẹ̀ sì ti padà bọ̀ sípò láti ìgbà yẹn.

Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé tán, mo padà sétí odò, mo bá Ògúnṣọlá níbi tó ti ń ka ọparun tó kù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, kí n wá bá òun gbé ọparun.

Ọparun tí a gbé dé Ìkpinlẹ̀ kò tó, èmi náà sì dé bẹ̀ nínú aṣọ ìrìn tó ti gbó, ọrùn mi tí iṣẹ́ ọwọ́ ìbá wà lára rẹ̀ ló ṣófo. Bàbá ìyàwó béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lójú mi bí mo ṣe rí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí ohun tó máa sọ. Ògúnṣọlá ní, “Ó ń pè mí lórí omi bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Ẹ fún un ní ìyàwó rẹ̀.” Bí mo ṣe fẹ́ ìyá rẹ kékeré nìyẹn. Títí di òní, bí Ògúnṣọlá bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń dìde kí n tó kí i, n kò sì pe orúkọ rẹ̀ ṣákálá lójú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kí n sọ ti olùkọ́ yẹn kí n tó gbàgbé. N kò mọ̀ ọ́n, n kò lè bú u. Ṣùgbọ́n èmi mọ Fágbohùn láti kékeré, n kò sì mọ irú ẹni tó jẹ́ títí ó fi gbé ọparun lé èjìká nínú omi. Bí olùkọ́ náà bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú aṣọ lílọ̀, ìyẹn kò burú. Wò ó lọ́jọ́ tí aṣọ rẹ̀ bá tutù tí oúnjẹ rẹ̀ sì pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tún dárúkọ rẹ̀ fún mi.

Mo sì fẹ́ kó o ronú nípa Ṣọ́lé. Nínú gbogbo wa lórí pẹpẹ yẹn, òun nìkan ló sọ ohun tó rí bó ti rí i, àwa la dì í lẹ́nu mú. Ìyá ọmọ tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ yẹn, bí ó bá pariwo mọ́ yín lọ́la, tí kò sì kí yín kó tó bẹ̀rẹ̀, má sọ fún un pé kò ní ẹ̀kọ́. Gbọ́ ohun tó ń sọ.

Wàyí o, bàbá abẹ́rẹ́ rẹ. Má bá a sọ ọ́ lójú àwọn aláìsàn bí àyè bá wà. Lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kúnlẹ̀, kí i dáadáa, béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ní kí ìwọ máa fa oògùn, kí òun máa gún un. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀, òun ni wọ́n á ṣì máa wá. Ọ̀pọ̀ àgbà á gba irú rẹ̀ bí a bá fi ọ̀wọ̀ gbé e wá. Bí ó bá kọ̀, lọ bá dókítà ní Ṣábẹ̀ẹ́, kó o sọ fún bàbá náà ṣáájú pé o ń lọ.

Ṣùgbọ́n bí o bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, tí ọmọ kan ti wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ sì ti wà lọ́wọ́ bàbá náà, tí o sì rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù, má kúnlẹ̀. Má tọrọ gáfárà. Má wá ọ̀rọ̀ dídùn. Di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó o sọ pé ó pọ̀ jù. Ìyẹn ti tó. O kò gbọ́dọ̀ tún dákẹ́ bí o ti dákẹ́ nígbà tó kọjá. Ọmọ yẹn lajú, a dúpẹ́. N kò fẹ́ kó o máa retí pé gbogbo wọn ni yóò máa lajú. Bí wọ́n bá sì gbé ọ lọ sí ibòmíràn bí o ti ń bẹ̀bẹ̀ fún, àwọn ọmọ yẹn á ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàbá náà, ẹnikẹ́ni kò ní sí tó mọ ohun tí ìwọ mọ̀.

Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Wọ́n á ní ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé ni ọ́. Wọ́n á béèrè ẹni tó bí ọ. Jẹ́ kí wọ́n béèrè. Sọ orúkọ mi fún wọn, àti orúkọ Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Bí bàbá náà bá sì bínú, má bá a jà, má ṣàlàyé, ṣáà ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ awakọ̀ yìí. Màá ti ṣọ́ọ̀bù mi, màá wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Màá béèrè ọ̀nà ilé rẹ̀, màá sì dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, níbi tí gbogbo abúlé yín ti máa rí mi, màá pẹ́ nílẹ̀ títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èmi ni bàbá rẹ, èmi ni màá ṣe ìyẹn. Tìrẹ ni kó o sọ̀rọ̀ kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara ọmọ náà.

Bàbá rẹ,
Adéògún aránṣọ.